Ìdàkọ Dátà Tààrà láàrin Àká Méjì lórí Ìsokọ́ra: Àlàyé Iṣẹ́ náà àti Èdè-Ìperí Rẹ̀

1. Ìfáàrà

Bí ọ̀rọ̀ kan bá ní ìtumọ̀ méjì nínú ewì, ẹwà lè ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan bá ní ìtumọ̀ méjì nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà fún ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lè parẹ́ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Láti ọdún 1970, nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àkóso Babs Fáfúnwá, ni ó ti hàn gbangba pé èdè Yorùbá kò kéré sí ẹni tí yóò fi kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ìbéèrè tí ó kù kì í ṣe bóyá Yorùbá lè sọ ọ́, bí kò ṣe bí yóò ti sọ ọ́ tí kò fi ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Iṣẹ́ tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni mímú dátà tí ó pọ̀ láti inú ẹ̀rọ ìpamọ́ kan lọ sínú èkejì, nígbà tí àwọn méjèèjì wà lórí ìsokọ́ra kan náà, tí dátà náà kò sì gba inú kọ̀ǹpútà mìíràn kọjá. Irú iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí àwọn olùkọ́ mọ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó ti gba ohùn àwọn onírárà àti àwọn babaláwo sílẹ̀, tí ó sì ti ya fọ́tò àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́, yóò rí i pé àpótí tí ó ń kó wọn sí yóò kún tàbí kí ó gbó. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ra àpótí tuntun, wọn yóò da gbogbo rẹ̀ kọ sínú rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti rí, lẹ́yìn èyí ni yóò yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu wò.

2. Àká àti ìsokọ́ra

Ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ kàn jẹ́ àpótí kan tí dísìkì méjì, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú rẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀ nínú, tí ó ń ṣètò àwọn dísìkì náà, ó sì ní wáyà tí ó so ó mọ́ ìsokọ́ra, kí gbogbo ẹni tí ó ní àṣẹ lè máa lò ó láti orí ẹ̀rọ tirẹ̀. Kò ní ojú tí ènìyàn ń wò, kò sì ní bọ́tìnnì ìtẹ̀wé. Láti orí ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n ti ń pàṣẹ fún un.

Orúkọ tí ó bá a mu jù lọ ni *àká*. Inú àká ni àgbẹ̀ ń kó àgbàdo àti ọkà sí. Ó ń fi kún un ní àsìkò ìkórè, ó sì ń bù nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti di àfiwé tẹ́lẹ̀ nínú *àká-ọ̀rọ̀* àti *àká-èdè*, kò sì ṣòro fún etí. Àwọn kan lè fẹ́ *ilé-ìṣúra*, ṣùgbọ́n ìṣúra jẹ́ ohun iyebíye tí a kì í sábà fọwọ́ kàn, bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń kó nǹkan sí àká tí wọ́n sì ń mú nínú rẹ̀. Láti ara *àká* ni *aláká* ti jáde, èyí tí ó yẹ ẹni tí ó ń ṣe àbójútó ẹ̀rọ náà tí ó sì ní àṣẹ pátápátá lórí rẹ̀.

*Ìsokọ́ra* ti ń gbilẹ̀ fún àkójọ àwọn ẹ̀rọ tí ó lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú *so*, *kọ́* àti *ara* ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti hàn. Nítorí náà, *àká orí-ìsokọ́ra* ni orúkọ kíkún; *àká* nìkan sì tó nígbà tí kò bá sí ìdàrúdàpọ̀. *Dátà*, *fáìlì*, *bíìtì* àti *báìtì* jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti fìdí múlẹ̀. Kí olùkọ́ ṣáà kíyè sí i pé bíìtì 8 ni ó wà nínú báìtì 1, nítorí pé bíìtì ni àwọn tí ń ta ìsokọ́ra fi ń ka ìyára, báìtì sì ni àwọn tí ń ta dísìkì fi ń ka ààyè.

3. Ọ̀nà mẹ́ta: alágbàtà, alárinà àti tààrà

Ọ̀nà kan kò wọjà. Ọ̀nà mẹ́ta ni dátà lè gbà láti àká kan dé èkejì, èdè Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ tí ó ya wọ́n sọ́tọ̀ láti inú òwò àti láti inú ìgbéyàwó.

Ọ̀nà kìíní ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ẹni náà jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ṣí àká méjèèjì sójú rẹ̀, ó sì fa fáìlì láti ìhà kan sí ìhà kejì. Ó dàbí ẹni pé fáìlì ń lọ tààrà, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́. Gbogbo báìtì ni kọ̀ǹpútà náà ń gbà wọlé láti àká kìíní kí ó tó tún fi ránṣẹ́ sí èkejì. Kọ̀ǹpútà yìí ni *alágbàtà*: ọjà gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó. Bí alágbàtà bá sùn, ọjà dúró.

Ọ̀nà kejì ni ti *alárinà*. Nínú àṣà ìgbéyàwó, alárinà a máa mú ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin mọ ara wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ tán, yóò yẹra. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìlànà ìfifáìlì-ránṣẹ́ tí a ń pè ní FTP nìyẹn. Abhay Bhushan ni ó kọ́kọ́ kọ ìlànà náà sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1971. Nínú àtúnkọ rẹ̀ tí Jon Postel àti Joyce Reynolds gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1985, a rí i pé ẹnì kan lè dúró lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ kí ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ méjì mìíràn, kí dátà sì máa lọ láàrin àwọn méjèèjì láì gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n àwọn ẹni ibi rí i pé wọ́n lè fi rán ẹ̀rọ olóòótọ́ níṣẹ́ sí ibi tí kò yẹ kó lọ. Ní ọdún 1999, ìwé ìmọ̀ràn kan lórí ààbò FTP jáde tí ó tọ́ka sí ewu náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó sì ti ti ilẹ̀kùn yìí pa.

Ọ̀nà kẹta ni *tààrà* pátápátá. Aláká yóò wọ inú ọ̀kan nínú àká méjèèjì, láti inú rẹ̀ ni yóò sì ti pàṣẹ pé kí ó bá èkejì sọ̀rọ̀. Ìlànà SSH, tí Tatu Ylönen ṣẹ̀dá ní ilẹ̀ Finland ní ọdún 1995, ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé, nítorí pé ó ń fi àdììtú bo gbogbo ohun tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà aláká tún ń gbé. Ṣùgbọ́n bí àṣẹ náà bá so mọ́ ojú fèrèsé tí aláká ṣí, títì fèrèsé náà lè dá iṣẹ́ dúró. Nítorí náà ni ó ṣe dára kí àṣẹ wà nínú ìwé iṣẹ́ àká fúnra rẹ̀, kí ó lè máa ṣe é lóru nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ sílé.

4. Ìṣirò àkókò

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn ọ̀nà yìí yóò hàn nínú ìṣirò. Bí dátà bá jẹ́ téràbáìtì 10, iye báìtì rẹ̀ ni 10,000,000,000,000. Wáyà ìsokọ́ra tí ó wọ́pọ̀ lè gbé bíìtì 1,000,000,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí í ṣe mẹ́gábáìtì 125. Bí kò bá sí ìdíwọ́ kankan, ìṣẹ́jú-àáyá 80,000 ni iṣẹ́ náà yóò gbà, èyí tí ó lé díẹ̀ ní wákàtí 22. Àmọ́ ìsokọ́ra fúnra rẹ̀ a máa gba owó bodè nínú ẹrù, nítorí pé àdírẹ́sì àti àmì ìyẹ̀wò ń bá ìdì dátà kọ̀ọ̀kan rìn. Bí ó bá ku mẹ́gábáìtì 110, ó tó wákàtí 25.

Kí alágbàtà wá wà láàrin, kí ó sì jẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó ń lo afẹ́fẹ́ dípò wáyà. Bí afẹ́fẹ́ náà bá lè gbé mẹ́gábíìtì 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àlọ àti àbọ̀ yóò pín in sí méjì, nítorí pé afẹ́fẹ́ kan náà ni dátà ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde. Mẹ́gábíìtì 150 ni yóò kù, ìyẹn mẹ́gábáìtì 18.75. Iṣẹ́ wákàtí 25 yóò di iṣẹ́ ọjọ́ 6 àti wákàtí 4.

Ohun méjì mìíràn wà tí ìṣirò yìí kò fi hàn. Èkíní ni pé mílíọ̀nù kan fáìlì kéékèèké a máa pẹ́ ju fáìlì ńlá kan tí ó tó gbogbo wọn lọ, nítorí pé ẹ̀rọ ní láti ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì tì í. Èkejì ni pé bí àká kejì bá wà ní ìlú mìíràn, tí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì sì lè gbé mẹ́gábíìtì 20 péré jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, téràbáìtì 10 yóò gba ọjọ́ 46. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ń dá ni pé wọn a gbé àká méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún ìdàkọ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn a fi ọkọ̀ gbé èkejì lọ sí ibi tí yóò máa gbé, kí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì lè máa gbé ìyípadà nìkan.

5. Bí rsync ti ń dín ẹrù kù

Ètò tí ó gbajúmọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ni rsync. Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ni wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1996 ní Yunifásítì Orílẹ̀-èdè Australia. Tridgell sì ṣàlàyé ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ nínú ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 1999. Òfin rẹ̀ kan ni pé ọ̀kan nínú ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀rọ tí a ti pàṣẹ. Ìdí nìyí tí aláká fi ní láti wọ inú ọ̀kan nínú àká méjèèjì.

Kí rsync tó gbé fáìlì kankan, ó ń wo bí fáìlì náà ti tóbi tó àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Bí méjèèjì bá dọ́gba pẹ̀lú ti èyí tí ó wà ní ọ̀hún, yóò fò ó. Nípa báyìí, bí iná mànàmáná bá lọ lẹ́yìn wákàtí 20, kò pọn dandan kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Bí àṣẹ kan náà bá tún wáyé, yóò fo gbogbo èyí tí ó ti parí.

Bí fáìlì bá wà níhà méjèèjì ṣùgbọ́n tí wọn kò dọ́gba, ọgbọ́n mìíràn bẹ̀rẹ̀. Àká tí ń gbà yóò gé fáìlì àtijọ́ tirẹ̀ sí abala tí ó dọ́gba. Fún abala kọ̀ọ̀kan, yóò ṣírò nọ́ńbà méjì: ọ̀kan fúyẹ́, ó sì yá láti ṣírò, èkejì lágbára, ó ṣòro kí abala méjì tí ó yàtọ̀ ní irú rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà yìí ni yóò fi ránṣẹ́, kì í ṣe abala fúnra wọn. Àká tí ń fi ránṣẹ́ yóò máa wá wọn nínú fáìlì tuntun, ní báìtì kan tẹ̀ lé òmíràn. Nọ́ńbà fífúyẹ́ kò gba wàhálà, nítorí pé bí ojú bá sún síwájú ní báìtì kan, yóò yọ ipa báìtì tí ó jáde, yóò sì fi ti èyí tí ó wọlé kún un. Ìgbà tí nọ́ńbà fífúyẹ́ bá bára mu nìkan ni yóò tó ṣírò èyí tí ó lágbára. Ó dàbí ẹni tí ó ń fi ajọ̀ méjì jọ gàrí: ajọ̀ àkọ́kọ́ ń yọ hóró ńláńlá kúrò kíákíá, ìwọ̀nba tí ó bá kọjá ni ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí kò sí lọ́hùn-ún rárá ni yóò wá fi ránṣẹ́, pẹ̀lú àmì tí ó sọ ibi tí abala àtijọ́ yóò wà.

Ó yẹ kí olùkọ́ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ọgbọ́n yìí kò ní àǹfààní nígbà ìdàkọ àkọ́kọ́, nítorí pé àká tuntun ṣófo, kò sí abala àtijọ́ kankan nínú rẹ̀.

6. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta àti ewu inú wọn

Ibí yìí ni iṣẹ́ ògbufọ̀ ti le jù. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni *gbé*. Ṣùgbọ́n bí Táyọ̀ bá gbé àga láti yàrá kan sí èkejì, kò sí àga ní yàrá àkọ́kọ́ mọ́. Bí ìwé ìtọ́nisọ́nà bá sọ pé "a ti gbé dátà lọ sí àká tuntun", akọ̀wé tí ó kà á lè rò pé àká àtijọ́ ti ṣófo, kí ó sì fi í tọrẹ tàbí kí ó pa ohun tí ó kù nínú rẹ̀ rẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ti tuntun wò.

*Dà kọ* ni ó tọ̀nà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá da ìwé ẹlòmíràn kọ, ìwé àkọ́kọ́ ṣì wà. Iṣẹ́ náà ni *ìdàkọ*. Èso rẹ̀ ni *ẹ̀dà*. Ó yẹ kí ògbufọ̀ yẹra fún *ojúlówó* fún ohun tí a dà kọ, nítorí pé òdì-kejì *ojúlówó* ni *ayédèrú*, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà dátà kì í ṣe ayédèrú: báìtì kan kò yàtọ̀. *Ìpilẹ̀* ni ó dára. Ibi tí ìpilẹ̀ wà ni *orísun*; bí a ti ń pọn omi nínú orísun, kì í gbẹ. Ní ti ibi tí ẹ̀dà ń lọ, *èbúté* dùn létí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi í sílẹ̀ fún ẹnu-ọ̀nà olónọ́ńbà tí ìlànà kọ̀ọ̀kan ń gbà wọlé sínú ẹ̀rọ, irú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 22 fún SSH. *Ibùgúnlẹ̀*, tí ó tẹ̀ lé àpẹẹrẹ *ibùsùn* àti *ibùjókòó*, kò ní ìdàrúdàpọ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kẹta ni ó léwu jù: *mú bára mu*. rsync ní àṣẹ kan tí ó máa ń pa ohunkóhun tí ó wà ní ibùgúnlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí ní orísun rẹ́. Bí ògbufọ̀ bá kọ ọ́ pé "àṣẹ yìí ń mú kí àká méjèèjì bára mu", gírámà rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ti purọ́. *Ara* nínú *bára mu* jẹ́ kí ìhà méjèèjì dọ́gba. Ó dàbí ìgbà tí àgbà méjì parí ìjà, tí kálukú fi díẹ̀ sílẹ̀. Nínú àṣẹ yìí, ìhà kan kò fi nǹkankan sílẹ̀. Èkejì ni ó ń pàdánù. Bí aláká bá ṣi ìhà méjèèjì gbé, tí ó fi àká tuntun tí ó ṣófo ṣe orísun, tí ó sì fi àká àtijọ́ tí ó kún ṣe ibùgúnlẹ̀, ètò náà yóò pa gbogbo dátà rẹ́ láti jẹ́ kí òfìfo bá òfìfo mu. Bákan náà ni bí dísìkì orísun kò bá tíì so mọ́ ẹ̀rọ dáadáa: àpò tí ó yẹ kó kún yóò dàbí èyí tí ó ṣófo.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní oògùn ewu yìí. *Bá … mu* lè gba ọ̀rọ̀-orúkọ mìíràn dípò *ara*, ọ̀rọ̀-orúkọ náà ni yóò sì jẹ́ òṣùwọ̀n: "mú ibùgúnlẹ̀ bá orísun mu". Nínú gbólóhùn yìí, ẹni tí yóò yí padà àti ẹni tí kò ní yí padà ti hàn. Láti fi èyí múlẹ̀, oríṣi ìdàkọ mẹ́ta ni ó yẹ kí ó ní orúkọ tirẹ̀. *Ìdàkọ afikún* ń fi kún ibùgúnlẹ̀, kò sì pa fáìlì kankan tí ó dá wà níbẹ̀ rẹ́. *Ìdàkọ apèlérẹ́* ń pa èlé rẹ́, ìyẹn ohun tí ó bá lé ní ti orísun. *Ìdàkọ àlọ-àbọ̀* ń wo ìhà méjèèjì, ó sì ń mú ohun tuntun láti ìhà kọ̀ọ̀kan lọ sí èkejì. Èyí nìkan ni *bára mu* bá mu.

Ó tún yẹ kí ìwé ìtọ́nisọ́nà kíyè sí ìlà wíwọ́ kan tí ó kéré. Bí ìlà yìí bá parí orúkọ àpò orísun, ohun tí ó wà nínú àpò ni rsync yóò dà kọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, yóò da àpò náà kọ pẹ̀lú ohun inú rẹ̀. Nítorí irú èyí ni ètò náà fi ní *ìdánrawò*: yóò ka gbogbo ohun tí yóò ṣe síta láì ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Kò sí ìdàkọ apèlérẹ́ tí ó yẹ kí ó wáyé láìsí ìdánrawò ṣáájú rẹ̀.

7. Ìyẹ̀wò

Lẹ́yìn ìdàkọ, ó kù kí a mọ̀ bóyá ẹ̀dà péye. rsync ń yẹ fáìlì kọ̀ọ̀kan tí ó fi ránṣẹ́ wò nígbà tí ó bá dé, nípa nọ́ńbà kan tí ó ṣírò láti inú gbogbo báìtì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni sì lè pàṣẹ pé kí ó tún yẹ gbogbo fáìlì wò lọ́jọ́ kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí yóò pẹ́, nítorí pé àká méjèèjì gbọ́dọ̀ ka gbogbo dátà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó lè wu ènìyàn láti pe nọ́ńbà yìí ní *àrokò*, nítorí pé àmì kékeré ni ó ń dúró fún ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò bá a mu. Ẹni tí ó gba àrokò lè tú u, kí ó sì mọ iṣẹ́ tí a rán sí i. Kò sí ẹni tí ó lè tú fáìlì jáde láti inú nọ́ńbà yìí. Ohun kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó sọ bóyá fáìlì méjì rí bákan náà. *Iye-ìyẹ̀wò* ni ó tọ́ sí i.

8. Àkójọ èdè-ìperí

Àká (orí-ìsokọ́ra): ẹ̀rọ ìpamọ́ tí ó ní dísìkì àti kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí ó wà lórí ìsokọ́ra.
Aláká: ẹni tí ó ní àṣẹ pátápátá lórí àká.
Orísun: ibi tí ìpilẹ̀ wà.
Ibùgúnlẹ̀: ibi tí ẹ̀dà yóò wà.
Ìpilẹ̀, ẹ̀dà: ohun tí a dà kọ, àti ohun tí ìdàkọ bí.
Alágbàtà: ẹ̀rọ tí dátà ń gba inú rẹ̀ kọjá.
Alárinà: ẹ̀rọ tí ó ń pàṣẹ fún méjì mìíràn, ṣùgbọ́n tí dátà kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Ìdàkọ tààrà: ìdàkọ láti àká sí àká láìsí alágbàtà.
Ìdàkọ afikún, ìdàkọ apèlérẹ́, ìdàkọ àlọ-àbọ̀: gẹ́gẹ́ bí ìpín kẹfà ti là á sílẹ̀.
Ìdánrawò: kíka iṣẹ́ síta láì ṣe é.
Iye-ìyẹ̀wò: nọ́ńbà tí ó ń fi hàn bóyá dátà méjì rí bákan náà.

9. Ìkádìí

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà lókè yìí, ọ̀pọ̀ ni ó ti wà lẹ́nu àgbẹ̀, alájàpá àti ìdílé kí ẹnikẹ́ni tó ṣe dísìkì. Ohun tí ògbufọ̀ ní láti ṣe ni kí ó bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì kí ó tó lò ó: ta ni yóò yí padà, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí ìpilẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí kò bá lè dáhùn méjèèjì kò tíì yẹ nínú ìwé tí ènìyàn yóò gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ.

Títí di ìgbà tí àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ yóò fi pọ̀, ìlànà kan wà tí olùkọ́ lè fi kọ́ni láìní ọ̀rọ̀ tuntun kankan. Kí àká àtijọ́ wà níbi tí ó wà, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ohun inú rẹ̀, títí iye-ìyẹ̀wò yóò fi jẹ́rìí sí ti tuntun, tí ẹ̀dà kẹta yóò sì ti wà ní ibòmíràn. Ohùn arókin tí ó ti kú kò ní orísun mìíràn mọ́ ju èyí tí ó wà nínú àká lọ.